Òpó ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ń sán lórí àgbékà: ṣé sítíìlì ni ká pààrọ̀ ni, àbí ìléru?

Ọmọ_Ìléru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, àmọ́ òní ni mo máa kọ́kọ́ gbé tèmi wá.

Ilé iṣẹ́ tí mo wà ń tẹ òpó tó máa ń wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn ọkọ̀. 22MnB5 ni sítíìlì náà, ìyẹn irú tó ní manganese àti boron díẹ̀ nínú. Alumíníọ̀mù àti sílíkọ́nì ni wọ́n ti fi bo ara rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A máa ń kì í bọ ìléru ní nǹkan bíi 930°C, a ó gbé e sínú dáì tútù, ìyẹn mọ́ọ̀dì irin, a ó tẹ̀ ẹ́, dáì á sì dì í mú títí tó fi máa tutù. Tó bá jáde, ó ti di martensite, ìyẹn ìtò átọ́ọ̀mù tó ń mú irin le gan-an, agbára rẹ̀ á sì tó 1500 megapascal (òṣùwọ̀n agbára irin). Ẹ̀yìn ìyẹn la máa ń fi ẹ̀rọ ìgé gé etí rẹ̀, a ó sì lu ihò sí i.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní ní àbùkù kankan. Wọ́n á tò ó sórí àgbékà. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, àwọn kan á ti kíráàkì láti etí tí a gé tàbí láti ẹnu ihò, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń ka ẹrù lóru tiẹ̀ gbọ́ ìró ọ̀kan tó dún pá. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ó máa ń dín kù. Bí òjò bá ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ó máa ń pọ̀.

Ọ̀gá wa ní sítíìlì burúkú ni wọ́n tà fún wa, ó ní ká lọ ra òmíràn. Háídírójìn lèmi ń fura sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè ṣe tí irin tó le tó báyìí á fi lè dúró níwájú háídírójìn?

Ẹ̀rọ_Ìtẹ̀

Àbúrò, kó o tó di ẹ̀bi ru háídírójìn, lọ wo ọ̀bẹ ìgé yín. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń pariwo háídírójìn kiri, tó sì jẹ́ pé ọ̀bẹ tó ti kújú ló ń ya etí irin wọn. Ìgbà wo lẹ pọ́n ọn gbẹ̀yìn? Àlàfo tó wà láàárín ọ̀bẹ òkè àti ti ìsàlẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ máa ń wọ̀n ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi máíkírósíkóòpù wo ojú ibi tó sán. Bí ẹ bá rí hóró irin, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó para pọ̀ di irin, tí wọ́n yọ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ojú wọn ń dán, tí igun wọn hàn ketekete, ààlà àárín hóró ni kíráàkì náà gbà kọjá. Ìyẹn bá ohun tó ò ń fura sí mu. Bó bá jẹ́ kòtò kéékèèké ló kún ojú ibẹ̀, irin yẹn kàn fà já ni.

Mo_Kàn_Ń_Kà

Mo jókòó síwájú o. Ẹ máa bá a lọ.

Ìyá_Láàbù

Ọmọ mi, òótọ́ ni Ẹ̀rọ_Ìtẹ̀ sọ nípa ojú ibi tó sán. Ẹ lọ wò ó. Àmọ́ ohun tó ń kán lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, tó tún ń pọ̀ sí i nígbà ọ̀rinrin, háídírójìn lèmi á kọ́kọ́ bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1875, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Johnson gbé àkíyèsí rẹ̀ síwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London. Ó ní wáyà irin tí òun rì sínú ásíìdì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ mọ́, ṣe ló ń kán. Bó bá fi omi tọ́ ojú ibi tó kán, ìfófòó á máa yọ jáde níbẹ̀. Bó bá fi wáyà náà sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, agbára rẹ̀ á padà, bó bá sì fi iná yá a, á tètè padà. Ohun tí à ń jà lé lórí lónìí ti wà nínú àkíyèsí yẹn: háídírójìn ń wọlé láti ìta, ó ń rìn nínú irin, ó sì lè jáde.

Átọ́ọ̀mù háídírójìn kéré gan-an. Àárín átọ́ọ̀mù irin ló ń gbà kọjá, àní nínú irin tútù. Ibi tí wọ́n bá ti ń fa irin jù ló máa ń wọ́ lọ, nítorí àárín átọ́ọ̀mù ibẹ̀ ṣí díẹ̀ ju tibòmíràn lọ. Nínú òpó tiyín, etí tí ẹ gé àti ẹnu ihò ni ibẹ̀ yẹn. Gígé tí ẹ gé e lẹ́yìn tó ti le tán fi ìfà sílẹ̀ síbẹ̀ tí kò ní lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni háídírójìn ń kó ara rẹ̀ jọ síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kán lójú ẹsẹ̀. Kò nílò kó pọ̀. Ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìwúwo irin náà tó o, nínú irin tó le gan-an kò tiẹ̀ ní í tó bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń pa irin gan-an, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Troiano sọ ní 1960 pé ó ń dín bí átọ́ọ̀mù irin ṣe di ara wọn mú kù ni. Òmíràn, Beachem, dé ní 1972, ó ní ó ń mú kó rọrùn fún irin láti yẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo, títí ojú kan yẹn á fi ya. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì lè jọ ṣẹlẹ̀ nínú irin kan náà, mi ò sì ní tìtorí ẹ̀ dá iṣẹ́ dúró.

Níbo ló wá ti wọ òpó tiyín? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: ìbòrá yẹn gan-an ni ẹ wò. Alumíníọ̀mù tó gbóná kì í rí ọ́síjìn kó fi í sílẹ̀. Bí oru omi bá wà nínú ìléru, á já ọ́síjìn gbà lára rẹ̀, á wá fi háídírójìn sílẹ̀ ní átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Irin tó wà ní 930°C jẹ́ austenite, ìyẹn ìtò átọ́ọ̀mù tí irin ń ní bó bá gbóná gan-an, ó sì ní àyè púpọ̀ fún háídírójìn. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́, ó tutù lójijì, ó di martensite, àyè yẹn sì dín kù. Háídírójìn fẹ́ jáde, àmọ́ ìbòrá tó ti dàpọ̀ mọ́ irin kò jẹ́ kó tètè rí ọ̀nà. Ẹ ti wá tì í mọ́lé pẹ̀lú irin tó le jù.

Mélòó ni ìwọ̀n ìrì afẹ́fẹ́ inú ìléru yín?

Ọmọ_Ìléru

Ìwọ̀n ìrì kẹ̀? A ò wọ̀n ọ́n rí, mà.

Ìyá_Láàbù

Ibẹ̀ gan-an lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n òtútù tí omi inú afẹ́fẹ́ fi ń di ìrì ni mò ń sọ. Bó bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ ṣe gbẹ tó. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tiyín máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ sínú ìléru kí ìwọ̀n yìí lè wà nísàlẹ̀ odo, bíi -5°C tàbí -10°C. Lọ́jọ́ òjò, afẹ́fẹ́ inú ilé iṣẹ́ tí ẹ kò gbẹ á gbé e lọ sí 20°C àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí kíráàkì yín fi ń tẹ̀lé òjò nìyẹn.

Ẹ tún wo ojú páànù irin kó tó wọlé. Bí omi tàbí òróró bá wà lára rẹ̀, inú ìléru ni ìyẹn náà ti máa jó, háídírójìn sì wà nínú méjèèjì.

Bóòtù_12.9

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà tiwa sọ ọ́, nítorí àwa oníbóòtù ti jẹ ìyà yìí ṣáájú yín.

Nọ́ńbà ara bóòtù ló ń sọ bó ṣe lágbára tó: bó bá ṣe ga tó ló ṣe lágbára tó. Bóòtù 8.8 kì í sábà ní wàhálà yìí. Bóòtù 10.9, líle rẹ̀ kì í kọjá 39 lórí òṣùwọ̀n Rockwell C, bí wọ́n bá ṣe é dáadáa á dúró. Bóòtù 12.9 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí láti 39 sí 44 ni tirẹ̀. Ásíìdì ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kí síńkì lè mú un, iná mànàmáná ni wọ́n sì fi ń lẹ síńkì náà mọ́ ọn. Méjèèjì ń fún un ní háídírójìn. Wọ́n á dè é mọ́ ọkọ̀ lónìí, orí rẹ̀ á fò lọ́la.

Ohun tí à ń ṣe sí i ni pé kí wákàtí 4 tó kọjá lẹ́yìn síńkì, a ó ti kó o sínú ààrò ní 190°C sí 220°C, á sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Wákàtí 4 ló kéré jù, àwọn mìíràn ń lọ títí dé 24. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: síńkì náà ń dí ọ̀nà. Bí ìbòrá yín ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ìdí tí mo fi kúrò nínú síńkì oníná fún 12.9 nìyẹn. Ìbòrá ìpẹ́pẹ́ síńkì là ń lò báyìí. A ó fi ọta kéékèèké gbá ara bóòtù mọ́ dípò ásíìdì, a ó rì í sínú ọ̀dà onísíńkì, a ó fi iná gbẹ ẹ́. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀ rárá.

Bí irin kò bá sì ní háídírójìn nílé, ó lè bá a níta. Ẹ rántí afárá San Francisco sí Oakland ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta 2013, ọ̀pá ìdè 32 nínú 96 já lẹ́yìn tí wọ́n fà wọ́n le. Wọ́n le, wọ́n ní síńkì lára, omi sì ti dúró sínú ihò tí wọ́n wà. Kì í ṣe ọkọ̀, àmọ́ ẹjọ́ kan náà ni.

Awakọ̀_Ọ̀la

Ẹ má bínú, mi ò kí ń ṣe oníṣẹ́ irin. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ọkọ̀ tó ń lo háídírójìn bí epo lè fọ́ mọ́ èèyàn lórí?

Ìyá_Láàbù

Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Àgbá ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń gba ìfúnpá 700 bar, okùn kábọ́ọ̀nù tí wọ́n wé mọ́ ike ló máa ń jẹ́, kì í ṣe sítíìlì líle. Fáàfù àti páìpù ibẹ̀, irú sítíìlì tí kì í dípẹtà tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú rẹ̀, bíi 316L, ni wọ́n fi ń ṣe é. Háídírójìn kì í tètè rìn nínú irú irin bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa níbí kan ọkọ̀ gbogbo, ìbáà jẹ́ epo bẹntiróòlù ló ń lò.

Hóró_Kékeré

Ẹ káàbọ̀ sí agbègbè mi. Ẹ̀yin àgbà ti sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń lé háídírójìn jìnnà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa sítíìlì fúnra rẹ̀, torí ìbéèrè Ọmọ_Ìléru ni bí irin ṣe lè dúró.

Pàkúté ni ọ̀nà tó wù mí jù. Bí ẹ bá fi mẹ́tààlì bíi niobium, títáníọ̀mù tàbí vanadium díẹ̀ sínú sítíìlì, tí kò tiẹ̀ ní í tó 0.1%, á bá kábọ́ọ̀nù ṣe carbide kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Háídírójìn tó ń rìn kiri á dé ara rẹ̀, á há síbẹ̀. Èyí tó há kò lè lọ kó ara jọ sí ẹnu ihò yín mọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣirò nìkan ni èyí, nítorí kò sí ẹni tó lè rí háídírójìn níbi tó há sí. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Oxford tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn ti rí i nínú carbide, átọ́ọ̀mù sí átọ́ọ̀mù. Deuterium, ìyẹn háídírójìn tó wúwo, ni wọ́n lò, nítorí háídírójìn gidi wà káàkiri inú ẹ̀rọ náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ti inú irin wá. Wọ́n tún ní láti mú irin náà tutù nini kó má bàa sá lọ kí wọ́n tó kà á. Ní 2020, àwọn tó wà ní Sydney tún ṣe irú rẹ̀, wọ́n rí i lẹ́bàá carbide niobium, ní ààlà hóró, àti ní àwọn ìlà tí ìtò átọ́ọ̀mù ti yẹ̀.

Niobium yẹn tún ń ṣe iṣẹ́ kejì: kì í jẹ́ kí hóró irin dàgbà jù nínú ìléru. Hóró kékeré, ààlà púpọ̀, háídírójìn àti phosphorus, ìyẹn ìdọ̀tí kan tó máa ń wà nínú irin, á pín káàkiri, wọn kò ní lè gbá jọ sójú kan. Nítorí náà mo fara mọ́ ọ̀gá rẹ díẹ̀. Sítíìlì 22MnB5 tó ní niobium wà, ẹ lè bèèrè rẹ̀.

Ẹ̀rọ_Ìtẹ̀

> Èyí tó há kò lè lọ kó ara jọ sí ẹnu ihò yín mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, pàkúté tó ti kún kì í mú ẹran mọ́. Bí ìléru wọn bá ń da háídírójìn sínú irin lójoojúmọ́ òjò, carbide rẹ á kún, ìyókù á máa rìn. Ẹni tí omi ń ya wọ ilé rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń dí orí òrùlé ni.

Hóró_Kékeré

Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Àmọ́ pàkúté kò dọ́gba. Ààlà hóró àti ìlà tí ìtò átọ́ọ̀mù ti yẹ̀ náà ń mú háídírójìn, ṣùgbọ́n wọn kì í dì í mú pẹ́. Bí ìfà bá dé, wọ́n á jù ú sílẹ̀, ibi tó yẹ kí irin ti lágbára gan-an ni wọ́n sì ń kó o sí. Carbide tó dára ń dì í mú débi pé ìgbóná inú ilé iṣẹ́ kò lè tú u. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti ìtóbi ló wà níbẹ̀. Bí carbide bá ti dàgbà jù, ó di ibi tí kíráàkì á ti bẹ̀rẹ̀. Títáníọ̀mù tó bá bá nitrogen ṣe nitride ńlá onígun mẹ́rin nígbà tí irin ṣì ń dì, ìyẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ gbẹ afẹ́fẹ́, kí ẹ sì ní pàkúté fún èyí tó bá ṣì yọ́ wọlé. Kò sí ìléru tó gbẹ pátápátá.

Ìyá_Láàbù

Mo fara mọ́ ìdajì. Nínú martensite tó tó 1500, mo gbà pé hóró kékeré niobium wúlò. Ṣùgbọ́n bí mo bá lówó fún ohun kan ṣoṣo, ẹ̀rọ tó ń gbẹ afẹ́fẹ́ ni mo máa rà. Bó bá wá jẹ́ sítíìlì 1800 tàbí 2000 megapascal, bíi 37MnB5, ọ̀rọ̀ yí padà: ibẹ̀, ẹ kò lè fi pàkúté sílẹ̀, torí ìwọ̀n háídírójìn tó lè pa á ti kéré gan-an.

Kí ẹ sì wo ìdọ̀tí inú irin náà. Sulphur tó bá manganese ṣe ọ̀pá gígùn nínú irin jẹ́ ibi tí kíráàkì máa ń gbà bẹ̀rẹ̀, phosphorus sì ń sọ ààlà hóró di aláìlera kí háídírójìn tó dé rárá. Boron inú 22MnB5 ń gbé ààlà yẹn ró díẹ̀, ó wà níbẹ̀ nítorí líle ni, àmọ́ èyí náà jẹ́ èrè.

Ọmọ_Ìléru

Ẹ ṣeun gan-an. Mo gbé ọ̀kan tó sán lọ sí ibi tí wọ́n ní máíkírósíkóòpù oní-elekitirónù. Bí Ẹ̀rọ_Ìtẹ̀ ṣe wí ló rí: nítòsí etí tí a gé, hóró yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dán, bó ṣe ń wọnú lọ, ó wá di kòtò kéékèèké. A sì ti yá ẹ̀rọ tó ń wọn ìrì. Mi ò ní sọ iye tó jáde, ìtìjú ni.

Ọ̀gá wa ti wá mú èrò mìíràn wá. Ó ní ká fi ìléru sílẹ̀ pátápátá, ká ra àwọn sítíìlì tuntun tí wọ́n fi austenite díẹ̀ sílẹ̀ nínú wọn, tí wọ́n ṣeé tẹ̀ ní tútù. Ó ní kò sí ìléru, kò sí oru omi, kò sí háídírójìn. Ṣé òótọ́ ni?

Hóró_Kékeré

Ìdajì òótọ́ ni. Háídírójìn kì í tètè rìn nínú austenite, ó lọ́ra ju bó ṣe ń rìn nínú ferrite, ìyẹn ìtò irin rírọ̀, lọ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po, àyè tó ní fún un sì pọ̀. Nítorí náà austenite tó dúró ṣinṣin jẹ́ pàkúté rere. Wàhálà wà níbi tí kò bá dúró. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ẹ gé etí rẹ̀, austenite á yí padà di martensite tuntun tí kò tíì rí iná rí, gbogbo háídírójìn tó ti ń kó pa mọ́ á wá bá ara rẹ̀ nínú irin tó le jù tó sì ń fà jù. Mi ò mọ ibi tó burú ju ìyẹn lọ fún un láti wà. Bí austenite náà bá tinrín, tó wà láàárín ọ̀já martensite, ó ń pẹ́ kó tó yí padà. Èyí tó dì ní òkìtì ni kí ẹ bẹ̀rù.

Háídírójìn náà kò sì dúró de ìléru yín nìkan. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irin náà lè ti fún un nígbà tí wọ́n ń yan án nínú gáàsì oníháídírójìn, kí wọ́n tó fi síńkì bò ó.

Ọ̀kan wà tó wù mí nínú ẹbí yìí. Ní 2021, àwọn olùwádìí ilé ìwádìí Max Planck ní Düsseldorf, Jámánì, kọ ọ́ nínú Nature Materials pé àwọn ṣe sítíìlì tí manganese inú rẹ̀ kò dọ́gba. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í pọ̀ sí ibì kan, kí ó kéré níbòmíràn, nínú austenite. Bí kíráàkì kékeré bá bẹ̀rẹ̀ nínú apá tó yí padà, ó ń lọ kọlu apá tí manganese pọ̀ sí, tí kò yí padà, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Wọ́n ní agbára rẹ̀ níwájú háídírójìn di ìlọ́po méjì, láìsí pé irin náà rọ̀. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé wọ́n gbà pé háídírójìn á wọlé, kíráàkì á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn ń dá a dúró lọ́nà ni.

Bóòtù_12.9

Ẹ tún lè pààrọ̀ ìbòrá nìkan, kí ẹ tọ́jú ìléru yín. Sítíìlì títẹ̀ gbígbóná oní-síńkì kì í gbé háídírójìn púpọ̀ nínú ìléru bíi ti alumíníọ̀mù.

Ẹ̀rọ_Ìtẹ̀

Kí síńkì yíyọ́ wá wọ ààlà hóró nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ ní gbígbóná? Ìyẹn náà ń kíráàkì, kò sì ní dúró di ọjọ́ kejì. Ẹni bá fẹ́ síńkì gbọ́dọ̀ tún ọ̀nà títẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ má tì í láti inú òjò bọ́ sódò.

Etí yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí n padà sí, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Háídírójìn láìsí ìfà kò lè ṣe nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ fi ń gé irin 1500 lẹ́yìn tó ti le tán? Bí àwòrán rẹ̀ bá gbà, ẹ gé páànù náà kó tó wọ ìléru, kó jẹ́ pé bó bá jáde, kò sí gígé mọ́. Tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe fún ihò tó gbọ́dọ̀ wà lójú ibi tó yẹ gẹ́lẹ́, ẹ lo lésà. Ó lọ́ra, ó ń jẹ owó, ṣùgbọ́n kì í fi irú ìfà yẹn sílẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń gé e nínú dáì nígbà tó ṣì gbóná, kó tó di martensite. Ọ̀nà mìíràn tún wà: kí wọ́n mú apá kan dáì gbóná, kí ibi tí wọ́n máa gé má bàa le tó ìyókù.

Ọmọ_Ìléru

Àwọn òpó wa kan ṣeé gé ṣáájú, mo rí i nínú àwòrán. Ti ihò ìdè bẹ́líìtì ni lésà máa gbà.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ó ti sàn? Ọ̀gá ní bí ọkọ̀ bá yege nínú ìdánwò ìkọlù, ó tán.

Ìyá_Láàbù

Kò tán o. Ìdánwò ìkọlù yára jù. Háídírójìn nílò àkókò láti rìn dé ibi tí ìfà wà, ìkọlù sì ti parí kó tó gbéra. Bó ti ń lọ́ra tó ni irin ṣe ń fi ara rẹ̀ hàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa ọ̀pá ìdánwò díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí ká tẹ pẹlẹbẹ irin láàárín ọ̀pá mẹ́rin, ká tì í sí ìfà kan, ká wá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Fún tiyín, ẹ fi etí tí ẹ gé gan-an sínú ìdánwò náà. Bí ẹ bá ha á dán mọ́rán kẹ́ ẹ tó dán an wò, irin mìíràn lẹ ń dán wò.

Láti mọ iye háídírójìn tó wà nínú rẹ̀, ẹ máa mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ á máa ka gáàsì tó ń jáde. Èyí tó jáde ní ìgbóná kékeré ló lè rìn, òun ló ń pa yín. Èyí tó dúró títí di ìgbóná ńlá ti há sínú pàkúté Hóró_Kékeré. Ibi tí wọ́n máa ń ti ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni gígé àyẹ̀wò náà. Bí ẹ bá fi ayùn gé e títí tó fi gbóná, ẹ ti lé ohun tí ẹ fẹ́ kà jáde. Ẹ máa da omi tútù sí i bẹ́ ẹ ṣe ń gé e, kí ẹ sì jù ú sínú nitrogen olómi, -196°C, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni kó máa wà títí tí ẹ̀rọ á fi ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹ mú ti ọjọ́ òjò kan àti ti ọjọ́ gbígbẹ kan. Àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbé síwájú ọ̀gá yín.

Ọmọ_Ìléru

Ìbéèrè kan ló kù, mà. Bóòtù_12.9 ní wọ́n ń yan tiwọn ní 200°C. Àwọn tó ń ra òpó lọ́wọ́ wa máa ń yan ọ̀dà lára ọkọ̀. Ṣé ìyẹn kò tó láti lé háídírójìn jáde?

Ìyá_Láàbù

Ó ń ran yín lọ́wọ́ gan-an. Yíyan ọ̀dà sábà máa ń jẹ́ bíi 170°C sí 180°C fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, páànù òpó sì tinrín ju bóòtù lọ, nítorí náà ọ̀nà tí háídírójìn máa rìn kò jìn. Òpó tó bá dé ibẹ̀ láìsán ti kọjá ibi tó le jù.

Ṣùgbọ́n orí àgbékà yín ni òpó tiyín ti ń sán, kó tó rí ọ̀dà rárá. Àlàfo yẹn lẹ ní láti dí. Bí ẹ bá ní ààrò, ẹ yan án ní nǹkan bíi 200°C lẹ́yìn títẹ̀, ṣáájú gígé. Agbára rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Yíyan lẹ́yìn gígé náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kíá, nítorí láti ìgbà tí ọ̀bẹ bá ti kan etí yẹn ni háídírójìn ti gbéra síbẹ̀. Títí tí ẹ̀rọ ìgbẹ́-afẹ́fẹ́ á fi dé, ẹ má gé èyí tí ẹ tẹ̀ lọ́jọ́ òjò kó tó jáde nínú ààrò.